Ohun tí Ọkọ̀ Òkun ń Jẹ: Láti orí Èédú títí dé orí Amóníà

Ojú ewé ìtàn tún ti kàn wá. Lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ti ogun Kírìjì. Ohun tí ọkọ̀ òkun ń jẹ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn ohun tí wọ́n ń dáná sí nínú rẹ̀ kí ó tó lè rìn, láti ayé èédú títí dé orí amóníà tí àwọn onímọ̀ ń gbé lárugẹ báyìí.

Ẹnì kan lè bi wá pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ epo ọkọ̀. Ó kàn wá dáadáa. Gààrí, èlùbọ́, epo pupa àti ẹ̀gúsí tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn wa níhìn-ín, orí òkun ni èyí tó pọ̀ jù gbà wá. Mọ́tò àlòkù àti àwọn àgbá tí à ń di aṣọ àti ìrẹsì sí ránṣẹ́ sílé, orí òkun náà ni wọ́n gbà lọ. Gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí ló ń tú èéfín. IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, ṣírò rẹ̀ fún ọdún 2018 pé nínú gbogbo èéfín amáyégbóná tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run, ti ọkọ̀ òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Amóníà ní tirẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí àwa tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú. A mọ ohun tó ń fojú, ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe. Nítorí náà la ṣe fẹ́ sọ ìtàn yìí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ìtàn ọlọ́kọ̀ àti ti ọ̀gá ọkọ̀ ti pọ̀ nínú ìwé.

Láyé àtijọ́, afẹ́fẹ́ ni ọkọ̀ ń jẹ. Wọn a ta ìgbòkun, wọn a sì máa retí. Afẹ́fẹ́ kò gba owó, kò sì ní èéfín, ṣùgbọ́n bí kò bá fẹ́, ọkọ̀ dúró nìyẹn. Ọkọ̀ ìgbòkun bẹ́ẹ̀ ló kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa lọ sóko ẹrú ní Brazil àti Cuba. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ eléèéfín dé, èyí tó ń fi èédú inú ilẹ̀ se omi, tí ooru omi náà sì ń yí ẹ̀rọ. Ogun ló gbé e wá bá àwọn ará Èkó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ yọ Ọba Kòsọ́kọ́ kí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè, ọkọ̀ eléèéfín méjì, Bloodhound àti Teazer, wà lára àwọn tó wọ inú ọ̀sà wá yìnbọn lu ìlú. Ogun Àgìdìngbì ni àwọn àgbà ń pè é. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní í dúró de afẹ́fẹ́ kí ó tó yí imú padà.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1852, ni Macgregor Laird dá ilé iṣẹ́ African Steam Ship Company sílẹ̀. Ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba Ìlú Ọba láti máa kó lẹ́tà lọ sí etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Forerunner lorúkọ ọkọ̀ tó kọ́kọ́ lọ. Ní 1868, Alexander Elder àti John Dempster bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Liverpool, orúkọ Elder Dempster sì di orúkọ tí gbogbo ará Èkó mọ̀ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Epo pupa, ekuro, òwú àti kòkó ni wọ́n ń kó lọ. Aṣọ, iyọ̀, irin àti ọtí ni wọ́n ń kó bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí fèrèsé kò sí, ààrò ńláńlá wà níbẹ̀ tí iná rẹ̀ kì í kú tọ̀sán tòru. Àwọn kan ń fi ṣọ́bìrì kó èédú láti ibi tí wọ́n kó o pamọ́ sí wá síwájú ààrò. Àwọn mìíràn ń jù ú sínú iná, wọ́n ń fi ọ̀pá irin gígùn rò ó, wọ́n ń fa eérú gbígbóná jáde, wọ́n ń da omi lé e lórí. Wákàtí mẹ́rin ni ẹgbẹ́ kan ń ṣe kí òmíràn tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí ìjì bá ń bì lu ọkọ̀, ẹni tó gbé ṣọ́bìrì dání lè ṣubú lu ẹnu ààrò. Eruku èédú ni wọ́n ń mí símú. Òógùn a máa gbẹ iyọ̀ ara wọn tán títí iṣan ẹsẹ̀ àti ti ikùn á fi máa fà wọ́n. Àwọn ọlọ́kọ̀ tètè rí i pé iṣẹ́ yìí ni wọ́n lè gba adúláwọ̀ sí. Àwọn ará Kru láti Liberia àti Sierra Leone ni wọ́n kọ́kọ́ pọ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn wọn làwọn ará Èkó àti àwọn ẹ̀yà mìíràn nílẹ̀ wa. Àwáwí tí wọ́n ń wí ni pé ara ènìyàn dúdú gba ooru. Àwa nọ́ọ̀sì mọ̀ pé kò sí ara tó gba irú ooru yẹn, funfun ni o, dúdú ni o. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni pé owó tí wọ́n ń san fún atukọ̀ tí wọ́n gbà ní Áfíríkà kéré sí èyí tí wọ́n ń san fún aláwọ̀ funfun tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Àwọn adáná wọ̀nyí wà lára àwọn ènìyàn wa tó kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ ní Liverpool, Cardiff àti etí omi London, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ lọ́yà. Ojú wọn rí màbo. Nígbà tí ogun 1914 sí 1918 parí, tí àwọn ọmọ ogun padà délé tí wọn kò ríṣẹ́, wọ́n dojú kọ àwọn atukọ̀ aláwọ̀ dúdú ní ọ̀pọ̀ ìlú etí omi ní 1919. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ní Liverpool, ọ̀pọ̀ èrò lé ọ̀dọ́mọkùnrin adáná kan, Charles Wootton, tó ti sin Ìlú Ọba nígbà ogun, títí ó fi bọ́ sómi ní Queen's Dock, ó sì kú síbẹ̀. Ní 1925, ìjọba ṣe òfin pé kí atukọ̀ aláwọ̀ dúdú tí kò bá lè fi ìwé hàn pé ọmọ abẹ́ Ìlú Ọba ni òun lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá bí àjèjì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ọmọ abẹ́ Ìlú Ọba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló fún adáná ní ìwé ìrìnnà?

Epo rọ̀bì ló lé èédú lọ. Ní 1912, àwọn ará Denmark kọ́ ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Selandia, ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì ló ń gbé e, ó sì rin ìrìn àjò láti Copenhagen títí dé Bangkok. Kò ní ààrò, kò ní ṣọ́bìrì. Lákòókò yẹn náà ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń yí kúrò lórí èédú bọ́ sórí epo, èyí sì wà lára ìdí tí ìjọba wọn fi ra ìpín tó pọ̀ nínú ilé iṣẹ́ epo Páṣíà ní 1914. Àwọn àgbà wa tó wá sí Ìlú Ọba láàárín 1951 sí 1974 kò ní gbàgbé Aureol, ọkọ̀ funfun balau tó ń ná Èkó àti Liverpool, kí wọ́n tó gbé ìdíkọ̀ rẹ̀ lọ sí Southampton ní 1972. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ni. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ló fi ẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀ yìí láti inú rẹ̀, pẹ̀lú àpótí onírin kan àti adìrẹsì ilé ìwòsàn tí wọ́n ti fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́.

Àǹfààní kan wà nínú ìyípadà yẹn: iṣẹ́ àṣekú inú ààrò tán. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe é kò rí ẹni fún wọn ní iṣẹ́ mìíràn dípò rẹ̀. Epo tí ọkọ̀ ńlá ń jẹ kò sì mọ́. Ìgẹ̀dẹ̀ epo rọ̀bì ni, ohun tó kù nísàlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fa bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti dísẹ́ẹ̀lì jáde. Ó ki bí ọ̀dà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mú un gbóná kí ó tó lè ṣàn. Imí ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ń da àwọn tó ní ásímà tó ń gbé nítòsí èbúté láàmú. Títí di òpin 2019, òfin gbà kí imí ọjọ́ inú rẹ̀ tó ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2020 ni wọ́n ti mú un wálẹ̀ sí 0.5. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kábọ́ndàóksáídì tó ń mú ayé gbóná ṣì ń jáde bó ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀, nítorí kò sí bí a ṣe máa sun epo rọ̀bì tí kábọ́nì kò ní í jáde.

Ibí yìí ni amóníà ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá ti wọ ilé ìtọ̀ tí wọn kò fọ̀ láti àná ti mọ òórùn rẹ̀. Náítírójìn kan àti háídírójìn mẹ́ta ló para pọ̀ di amóníà, kò sí kábọ́nì kankan nínú rẹ̀. Bí a bá sun ún dáadáa, omi àti náítírójìn ló yẹ kó jáde. Bí wọ́n bá mú un tutù dé ìwọ̀n 33 lábẹ́ òdo, á di omi, wọ́n á sì lè rọ ọ́ sínú ọkọ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí ọkọ̀ òkun ti ń kó o kiri bí ẹrù fún àwọn tó ń ṣe ajílẹ̀. Ohun tuntun ibẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ máa jẹ ẹrù tó ń kó.

Ìtàn amóníà fúnra rẹ̀ kún fún ire àti ibi. Náítírójìn ni ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ṣùgbọ́n irúgbìn kò lè mú un láti inú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ lásán. Ní Jámánì ní 1909, Fritz Haber fi han àwọn ènìyàn bí a ṣe lè fi ooru àti agbára ìfúnpọ̀ so ó pọ̀ mọ́ háídírójìn. Carl Bosch sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ ńlá ní Oppau ní 1913. Láti ìgbà náà ni ajílẹ̀ òyìnbó ti pọ̀ láyé, àwọn onímọ̀ sì fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí ìdajì ọmọ aráyé ló ń jẹun nítorí rẹ̀ lónìí. Àgbàdo tí a fi ṣe ògì, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ Haber wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n amóníà kan náà ni Jámánì fi ṣe ohun ìjà nígbà ogun 1914. Haber fúnra rẹ̀ ló darí bí wọ́n ṣe tú gáàsì kílórínì sí àwọn ọmọ ogun ní Ypres ní oṣù Kẹrin 1915. Ìyàwó rẹ̀, Clara Immerwahr, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ kẹ́míkà, gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún náà. Wọ́n fún ọkọ ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1918. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án 1921, òkìtì ajílẹ̀ bú gbàmù ní Oppau, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 500.

Níbo ni wọ́n ti ń rí háídírójìn? Ọ̀rọ̀ gbogbo dá lórí ìbéèrè yìí. Láti inú èédú ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń mú un, lẹ́yìn náà láti inú gáàsì ilẹ̀. Bí wọ́n bá fi gáàsì ṣe tọ́ọ̀nù amóníà kan, kábọ́ndàóksáídì tó máa bá a jáde tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì. Nítorí náà, ọkọ̀ tó bá ń jẹ irú amóníà bẹ́ẹ̀ kò ní èéfín kábọ́nì ní ẹnu páìpù rẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín náà ti jáde tán ní ilé ẹ̀rọ. Ó dà bí ẹni tó gbálẹ̀ ilé rẹ̀ tó wá da ìdọ̀tí sí àgbàlá aládùúgbò. Bí a bá gbọ́ “amóníà tí èéfín rẹ̀ kéré”, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń wí. Èkíní ni pé kí wọ́n fi iná mànàmáná tó wá láti inú oòrùn, afẹ́fẹ́ tàbí omi ìdídò ya omi sí méjì, kí wọ́n mú háídírójìn níbẹ̀. Aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń pè é. Èkejì ni pé kí wọ́n ṣì lo gáàsì, ṣùgbọ́n kí wọ́n mú kábọ́nì rẹ̀ kí wọ́n sì rì í mọ́ abẹ́ ilẹ̀. Èyí ni aláwọ̀ aró. Ní tiwa, èkíní la gbẹ́kẹ̀ lé jù. Èkejì gba pé kí a gbà gbọ́ pé páìpù kankan kò jò láti ìdí kànga gáàsì títí dé ibi tí wọ́n rì í mọ́, àwa tí a bí sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń sun gáàsì dànù kì í tètè gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń polówó rẹ̀ lónìí máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n rí i. Ọbẹ̀ àná ni wọ́n ń gbé kaná. Láti òpin ọdún 1920 sí 1930 ni wọ́n ti ń fi iná omi ìtàkìtì ya omi sí méjì ní Rjukan ní Norway láti fi ṣe amóníà. (Ilé ẹ̀rọ Vemork níbẹ̀ kan náà ni àwọn jagunjagun Norway lọ fi bọ́ǹbù bà jẹ́ ní 1943, nítorí omi wíwúwo tí Hitler ń wá.) Ní Áfíríkà níhìn-ín, wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Aswan ní Íjíbítì, wọ́n sì ṣe é ní Kwekwe ní Zimbabwe títí di 2015, nígbà tí iná wọn kò tó mọ́. Gáàsì olówó pọ́ọ́kú ló lé ọ̀nà mímọ́ yìí kúrò lọ́jà. Kódà sísun ún nínú ẹ̀rọ kì í ṣe tuntun. Ní 1943, nígbà tí dísẹ́ẹ̀lì wọ́n ní Belgium nítorí ogun, àwọn bọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ fi amóníà rìn. Bàlúù X-15 ti Amẹ́ríkà, tó sá eré ju gbogbo bàlúù tí ènìyàn ti wà lọ ní 1967, amóníà àti ọ́síjìn olómi ló ń jẹ.

Ọkọ̀ òkun wá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2024. Ní oṣù Kẹta ọdún náà ní Singapore, ọkọ̀ Fortescue Green Pioneer fi amóníà pọ̀ mọ́ dísẹ́ẹ̀lì dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò. Ní oṣù Kẹjọ, àwọn ará Japan parí Sakigake, ọkọ̀ kékeré tó ń fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté, ó sì ṣiṣẹ́ ní Tokyo Bay. Ẹ̀yin ará wa ní New York, nítòsí yín ni ẹ̀kẹta ti ṣẹlẹ̀: ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fi ọkọ̀ afàkọ̀ kan tí wọ́n kọ́ ní 1957 rìn lórí omi tó ń ṣàn sínú odò Hudson. Ìyẹn kò sun amóníà rárá, ńṣe ló ń tú u palẹ̀ kí ó lè fi háídírójìn inú rẹ̀ ṣe iná mànàmáná. Ọkọ̀ díẹ̀ nìyẹn láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà ọkọ̀ tó wà lójú òkun.

Ìṣòro rẹ̀ kò kéré. Agbára tó wà nínú kìlógíráàmù amóníà kan kò tó ìdajì ti dísẹ́ẹ̀lì, táǹkì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta kí ọkọ̀ lè rìn jìnnà bákan náà. Ó ṣòro láti gbiná, nítorí náà wọ́n ń fi dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ dáná fún un. Epo tí ọkọ̀ ayé ń sun lọ́dún kan lé ní 200 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Amóníà tí gbogbo ayé ń ṣe lọ́dún jẹ́ nǹkan bí 180 mílíọ̀nù, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló sì ń lọ fún ajílẹ̀. Bí gbogbo ọkọ̀ bá ní kí a gbé amóníà wá lọ́la, gbogbo èyí tó wà kò ní tó wọn ní ìdajì. Ta ni yóò kọ́kọ́ rà á, ọlọ́kọ̀ tàbí àgbẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé. Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Lekki, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta 2022, lè ṣe ajílẹ̀ yúríà mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù lọ́dún, amóníà tí wọ́n sì ń ṣe é láti inú gáàsì ló ti wá. Èbúté omi jíjìn Lekki tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní 2023 kò jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí owó ajílẹ̀ ṣe ń dun àgbẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ògùn á mọ̀ pé ó yẹ kí ìdáhùn ìbéèrè náà ti wà kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́.

Ó wá ku ti àwa nọ́ọ̀sì. Amóníà fẹ́ràn omi. Ibi tí omi bá wà lára ènìyàn ló ń wọ̀ lọ: ojú, imú, ọ̀fun, ẹ̀dọ̀fóró. Níbẹ̀ ló ti ń jó ara bí oje tó ń bó awọ. Ìwọ̀n tí òfin Ìlú Ọba gbà kí òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 25 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Bó bá ti dé 300, ó ti di ewu fún ẹ̀mí. Ọ̀fun lè wú débi tí èémí kò ní ráyè kọjá, ẹ̀dọ̀fóró sì lè kún fómi ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn ti sọ pé ara òun ti yá. Kò sí oògùn tó ń pa á. Omi púpọ̀, kíákíá, fún ìṣẹ́jú tó pọ̀ lórí ojú àti ara, àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, ni ohun tí a ní. (Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un fún ilé: ẹ má ṣe da bílíìsì pọ̀ mọ́ ọṣẹ ìfọlé tó ní amóníà láéláé. Gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ti gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn.)

Áfíríkà ti rí ohun tó lè ṣe. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta 1992, ní Dakar ní Senegal, táǹkì ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kún fún amóníà bẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń fún epo ẹ̀pà. Wọ́n ti tún ara táǹkì náà jó rí, wọ́n sì rọ ọ́ kún ju bó ṣe yẹ lọ. Ìkùukùu funfun bo àdúgbò. Ènìyàn 129 ló kú, àwọn tó fara pa lé ní 1,100, àwọn kan nínú òkú wọ̀nyẹn sì jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ yè é tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wá kọ iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 22 ló wà nínú táǹkì yẹn. Ọkọ̀ òkun ńlá máa gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Nǹkan kejì kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìyá inú ẹgbẹ́ wa mọ̀ ọ́n. Bí amóníà kò bá jó dáadáa, ó lè mú náítírọ́ọ̀sì ọ́ksáídì jáde, gáàsì kan náà tí a máa ń pò mọ́ ọ́síjìn fún obìnrin tó ń rọbí kí ó lè fà á símú. Ní yàrá ìrọbí, ìtura ni. Lójú ọ̀run, tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó tọ́ọ̀nù kábọ́ndàóksáídì 273 láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Jíjò díẹ̀ ti tó láti ba gbogbo èrè náà jẹ́. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ní Copenhagen, Finland àti Japan mọ̀ bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n sì ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí wọn lé.

IMO, tí ilé rẹ̀ wà létí odò Thames ní London, tí kò jìnnà sí ilé ìwòsàn St Thomas', sọ ní 2018 pé kí èéfín ọkọ̀ dín kù ní ìdajì tó bá fi máa di 2050. Ní 2023 wọ́n sọ ọ́ di pé kí ó tán pátápátá ní nǹkan bí ọdún náà. Ní oṣù Kẹrin 2025, orílẹ̀-èdè 63 fọwọ́ sí ètò tí ọlọ́kọ̀ á fi máa sanwó lórí èéfín tó bá kọjá ààlà, 16 kọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n padà wá ní oṣù Kẹwàá kí wọ́n lè sọ ọ́ di òfin, Amẹ́ríkà àti Saudi Arabia ta kò ó gidigidi, 57 dìbò pé kí wọ́n sún un síwájú fún ọdún kan, 49 sì ní rárá. Láìsí irú òfin yẹn, kò sí ohun tó máa mú ọlọ́kọ̀ ra amóníà mímọ́ nígbà tí ìgẹ̀dẹ̀ epo ṣì pọ́ọ́kú. Bí gáàsì ṣe lé ti Rjukan lọ náà nìyẹn.

Ohun kan tí wọn kò sún síwájú ni ìlànà ààbò. Ní oṣù Kejìlá 2024, IMO fọwọ́ sí ìlànà ìgbà díẹ̀ fún ọkọ̀ tó bá fẹ́ máa jẹ amóníà: páìpù onílọ́po méjì, ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn rẹ̀ kí imú ènìyàn tó gbọ́ ọ, àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Inú wa dùn sí i. Ìlànà ni, ọwọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ló sì kù sí láti rí i pé wọ́n tẹ̀ lé e. Láyé èédú, adáná dúdú ló wà nídìí iná. Lónìí, àwọn ọmọ Philippines, India, Indonesia àti Ṣáínà ló pọ̀ jù nísàlẹ̀ ọkọ̀, àwọn ọmọ tiwa náà sì ń kọ́ iṣẹ́ atukọ̀ níhìn-ín àti nílé. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín bá ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ ní kí ó bèèrè irú epo tí ọkọ̀ náà ń jẹ kí ó tó fọwọ́ síwèé, kí ó bèèrè ẹni tó máa kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń sá fún amóníà, kí ó sì mọ bí ibi tí wọ́n ti lè rí dókítà ṣe jìnnà tó.

Ẹ̀bẹ̀ kan la fẹ́ bẹ̀ yín. Bí bàbá tàbí bàbá àgbà yín bá dáná nínú ọkọ̀ eléèéfín, tàbí kí ó ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ̀rọ Aureol àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ bá wa wá fọ́tò rẹ̀ àti ìwé atukọ̀ rẹ̀ nínú àpótí. Ẹ kọ orúkọ ọkọ̀ àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó mú un wá sí ìpàdé. A ó da ojúlówó rẹ̀ padà fún yín lọ́jọ́ kan náà.